Kéèkì Baba Kátíkíìsì

Ní ìlú wa, Ìdó-Ọ̀dàn, bí aránṣọ bá ń rán aṣọ lọ́wọ́ tí oníbàárà sì yọjú lójú fèrèsé láti wò ó, aránṣọ á fi ọwọ́ bo aṣọ náà, á ní: "Rírẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti àlejò." Bí ọmọ ilé-ìwé bá kọ lẹ́tà tí ó kún fún ìparẹ́, tíṣà á dá a padà fún un pé kí ó lọ tún un kọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò sì fi tù ú nínú. Àjèjì tí ó bá gbọ́ ọ á máa ronú. Ta ló rẹ́ kí ni? Àlejò wo ni wọ́n ń sọ? Bí rírẹ́ àkọ́kọ́ kì í bá ṣe tirẹ̀, ti ta ni?

Àwọn bíríkìlà ní àwọn ló ni òwe náà, nítorí pé àwọn ló ń rẹ́ ògiri. Mo ti bá ọ̀kan nínú wọn jiyàn lórí rẹ̀ rí, ó sì wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ gba ogún bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ara ògiri ni òwe náà ti jáde. Ara kéèkì ló ti jáde, nínú ilé ìdáná kan tí mo mọ̀ dáadáa, ìyá bàbá mi ni ọ̀rọ̀ náà sì ṣẹlẹ̀ sí. Òun ló sọ ọ́ fún mi, bí ó sì ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́.

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, iná mànàmáná kò tíì dé Ìdó-Ọ̀dàn. Ọ̀nà eléruku kan ṣoṣo ló wọ ìlú láti Iléṣà, lọ́rì tí ó sì ń ná an kò pé méjì. Ní ìrọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti ń rọ̀, èéfín á máa jáde láti ẹ̀yìnkùlé kọ̀ọ̀kan, agogo ṣọ́ọ̀ṣì á dún, àwọn tó wà lóko á mọ̀ pé ó tó àkókò láti di ẹrù. Baba Kátíkíìsì ló ń lu agogo náà. Òun ló ń ṣe olórí ìjọ nígbà tí kò sí àlùfáà, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ọgbọ̀n ọdún. Ìdajì ìlú ló kọ́ ní ABD. Nígbà tí àrùn ìgbóná jà, òun ló ń gbé omi lọ fún àwọn tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Ìyá Arẹ́lé ni wọ́n ń pe ìyàwó rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é bẹ́ẹ̀. Ilé amọ̀ ló pọ̀ láyé ìgbà náà, àwọn obìnrin ló sì ń rẹ́ ẹ. Wọn á po amọ̀ mọ́ ẹlẹ́bọ́tọ, ìyẹn ìgbẹ́ màlúù, wọn á fi ọwọ́ tẹ́ ẹ sára ògiri àti sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn á jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọn á gún ewé, tí wọn á fi omi rẹ̀ rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì títí yóò fi dúdú, tí yóò sì máa dán. Ilé tí Ìyá Arẹ́lé bá ti fọwọ́ kàn, o lè wọ aṣọ funfun kí o jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Oyèníran, tíṣà ni. Oyèníran ló fẹ́ Ìbídùnní wá láti Ìbàdàn. Ìbídùnní yìí ni ìyá bàbá mi, tí mo ń pè ní Ìyá Àgbà. Ó ti lo ọdún mẹ́ta ní ilé-ìwé àwọn obìnrin, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìránṣọ àti oúnjẹ òyìnbó. Ó mọ kéèkì í yan, ó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, kì í sì í fi í pamọ́.

Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ ilé náà ni nǹkan ti bàjẹ́. Wọ́n da omi sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n mú un wọ yàrá tí wọ́n pèsè sílẹ̀, òórùn ẹlẹ́bọ́tọ sì kọ lù ú. Kò mọ ìgbà tí ó fi etí gèlè bo imú. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ṣé a ò lè da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ yìí?" Kò mọ̀ pé ìyá ọkọ òun wà lẹ́nu ọ̀nà, tó gbé igbá omi tútù dání fún òun. Ìyá Arẹ́lé gbé omi náà kalẹ̀, ó yí padà, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà, odindi oṣù mẹ́jọ, kò bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní tààrà. Kò bú u, kò sì fi oúnjẹ dù ú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ohun kan láti sọ, ara ẹlòmíràn ló máa ń gbà. "Oyèníran, bá mi sọ fún ìyàwó pé omi ti hó." Ìyàwó náà á sì wà níbẹ̀, kò jìnnà ju ìṣísẹ̀ méjì lọ. Ìbídùnní náà kò bẹ̀bẹ̀, nítorí kò dá a lójú ohun tí òun ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ó gbà pé ìyá náà kò fẹ́ ọmọ ìlú ńlá ni. Oyèníran bọ́ sí àárín wọn, ó ń jíṣẹ́ fún apá méjèèjì bí akọ̀wé ilé ẹjọ́.

Nígbà tí ó ku oṣù kan kí Baba Kátíkíìsì fẹ̀yìn tì, ìjọ pinnu láti ṣe ìdúpẹ́ fún un. Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ń bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìbídùnní gbé oúnjẹ fún baba ọkọ rẹ̀, ó bi í bóyá oúnjẹ kan wà tí ó wù ú kí wọ́n sè fún un lọ́jọ́ náà.

Baba rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo bá òyìnbó kan ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe ìgbéyàwó. Èmi ni mo gbé kéèkì náà láti inú ilé lọ síbi tí àwọn àlejò jókòó sí. Ó funfun, ó sì dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí òjìji ìka mi lára rẹ̀. Mi ò mí títí tí mo fi gbé e kalẹ̀."

"Ṣé ó dùn, Baba?"

"Mo gbé e ni, ọmọ mi. Wọn ò fún mi jẹ."

Kò sọ ọ́ bí ẹni tí inú ń bí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ó ń rántí òjò kan tó rọ̀ nígbà èwe rẹ̀, ó sì fa àwo oúnjẹ rẹ̀ sún mọ́ra. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Ìbídùnní mọ́. Ó pinnu pé kéèkì yẹn gan-an ni baba ọkọ òun yóò jẹ.

Bí ó bá pa á mọ́ra ni, kì bá tí sí ìtàn. Àmọ́ ní ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, nígbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ tí kálukú yóò sè, ó dìde.

"Èmi máa ṣe kéèkì," ó ní. "Màá rẹ́ áísìn, ṣúgà àti bọ́tà tí wọ́n pò pọ̀, sí i lára. Eṣinṣin tó bá bà lé e á yọ̀ ṣubú."

Olórí àwọn obìnrin náà, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹgbẹ́, kì í pariwo, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé nǹkan. Ó ní, "Ìyàwó wa, a ò rí irú rẹ̀ rí. Ṣé a lè wá wò bí o ṣe ń ṣe é?"

"Ẹ wá ní ọ̀sán Sátidé, mà. Ẹ máa rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìbàdàn."

Ìyá Arẹ́lé wà ní ìpàdé náà. Ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

Oyèníran lọ ra bọ́tà, ìyẹ̀fun àti ṣúgà ní Iléṣà. Ṣùgbọ́n ṣúgà tí wọ́n ń fi ṣe áísìn gbọ́dọ̀ kúnná bí ẹ̀tù, irú rẹ̀ kò sì sí ní ọjà. Ọlọ ló máa lọ̀ ọ́, ọlọ kan ṣoṣo tó wà nílé sì ti ń lọ ata fún ogún ọdún. Àìsùn ni Ìbídùnní fi ro ọ̀rọ̀ ọlọ yìí. Nígbà tí ó dé ìdí rẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé, ó bá a tí ẹnì kan ti fi yanrìn àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, tí wọ́n ti dojú rẹ̀ kọ oòrùn. Ó gbé imú sún mọ́ ọn. Òórùn ata kò sí níbẹ̀ rárá. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnikẹ́ni.

Ó lọ ṣúgà náà, ó fi asẹ́ kù ú, ó fi orógùn po bọ́tà mọ́ ọn títí ó fi funfun, tí ó sì fẹ́lẹ́ bí ìfóófòó. Abọ́ ńlá méjì ló kún. Kéèkì fúnra rẹ̀, inú ìkòkò irin tí ó da yanrìn sí nísàlẹ̀ ló ti yan án, èédú lókè, èédú nísàlẹ̀. Méjì ló yan, ńlá àti kékeré, tí yóò to léra wọn. Wọ́n wú, wọ́n pọ́n, òórùn wọn gba agbo ilé títí dé ojú pópó.

Mo mọ òórùn yẹn. Títí tí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, Ìyá Àgbà ṣì ń yan kéèkì nínú ìkòkò oníyanrìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá mi ti ra sítóòfù onígáàsì fún un. Ó ní gáàsì ń yára jù, pé kéèkì kì í fẹ́ kí wọ́n lé òun. Bí mo bá gbọ́ òórùn bọ́tà gbígbóná lónìí, níbikíbi tí mo bá wà, mo máa ń bojú wẹ̀yìn kí n tó rántí pé kò sí mọ́.

Oòrùn mú gan-an ní ọ̀sán Sátidé yẹn. Kéèkì kò tíì tutù délẹ̀ nígbà tí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Wọ́n tó mẹ́wàá, wọ́n jókòó sórí àpótí àti orí ẹní, wọ́n sì kọjú sí Ìbídùnní. Ó yẹ kí ó sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ sinmi, kí wọ́n padà wá. Ojú tì í láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ó bu áísìn lé orí kéèkì, ó fi ọ̀bẹ tẹ́ ẹ. Ó lọ geere, àwọn obìnrin sì mí kanlẹ̀. Nígbà tí ó fa ọ̀bẹ padà, èérún kéèkì tẹ̀ lé e. Ojú funfun náà di alámì tótòtó bí ẹyin awó. Ó tún fà á kí ó lè bo èérún náà, òmíràn tún jáde. Ó ti ọ̀bẹ kan náà bọ inú abọ́ láti bu sí i, èérún wọ inú abọ́. Bí ó ṣe ń kánjú ni bọ́tà ń yọ́, bí bọ́tà ṣe ń yọ́ ni ara kéèkì ń ṣí, títí tí ègé kan fi ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó sì bọ́ sórí tíréè.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ní ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ìyá Ẹgbẹ́ dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí ní Ìbàdàn?"

"Kò tíì tán, mà."

"A rí i," ni Ìyá Ẹgbẹ́ wí.

Wọ́n dé ojú pópó kí ẹ̀rín tó bú. Ìbídùnní gbọ́ ọ láti inú ilé ìdáná. Ẹnì kan ní eṣinṣin kò lè yọ̀ ṣubú lórí èyí, pé á rí ibi dì mú.

Oyèníran wọlé, ó wo kéèkì, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀. "Kò burú," ó ní. "A lè ra bísíkíìtì fún Baba." Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó gbé mì nìyẹn. Ìbídùnní wọ yàrá, ó fa àpótí rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ sí i. Lọ́rì yóò gbéra ní àárọ̀ ọ̀la kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti rò ó tán: kí wọ́n tó kọ orin kìíní, òun ti kọjá Iléṣà.

Ó gbọ́ ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìbídùnní."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí aṣọ. Ìyá Arẹ́lé ni. Láti oṣù mẹ́jọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò dá orúkọ náà pè.

"Mà."

"Pa àpótí yẹn dé, kí o wá. Oòrùn ti fẹ́ dé ibi tí o gbé abọ́ kejì sí."

Wọ́n jọ lọ sí ilé ìdáná. Ìyá Arẹ́lé bẹ̀rẹ̀ mọ́ kéèkì náà, ó yí tíréè díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ìbàjẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ògiri tí òjò pa. Ó fi ìka kan tẹ ibi tó ya.

"Mi ò mọ kéèkì," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń ṣí lára ohun tí a ń rẹ́. Kí lo kọ́kọ́ fi di èérún yìí mú?"

"Mi ò fi nǹkan kan dì í mú, mà. Áísìn yẹn náà ni mo fi bò ó."

"Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ yín nìyẹn?"

Kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nìyẹn. Olùkọ́ wọn ti sọ ọ́ títí pé kí kéèkì kọ́kọ́ tutù délẹ̀, kí wọ́n fi áísìn fẹ́lẹ́ bò ó, kí wọ́n jẹ́ kí ó dì, kí wọ́n tó wá rẹ́ èyí tí yóò dán.

"Wọ́n kọ́ wa, mà. Ti àkọ́kọ́ yẹn ni kì í lẹ́wà. Èérún máa ń wà lára rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i bẹ́ẹ̀."

Ìyá Arẹ́lé gbé ojú sókè. "Ta ló wá ní kí o pè wọ́n? Rírẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti àlejò."

Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha gbogbo áísìn tó ti bàjẹ́ kúrò lára kéèkì, wọ́n kó o sínú abọ́ tí èérún ti wọ̀. Èyí tí ó ṣì mọ́, wọ́n fi àwo dé e. Ìyá Arẹ́lé ní ọ̀bẹ tó bá wọ abọ́ kìíní kò gbọdọ̀ wọ ìkejì, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ tó po ẹlẹ́bọ́tọ kì í ṣe é tì bọ omi ewé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé kéèkì lọ sí yàrá àmù, níbi tí ilẹ̀ máa ń tutù ní gbogbo ìgbà nítorí omi. Wọ́n gbé tíréè lé orí òkúta nínú bàsíà omi, kí èèrà má baà rí ọ̀nà gùn ún. Wọ́n jókòó tì í.

Nígbà tí kéèkì náà tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ó dà bí òkúta odò lábẹ́ ọwọ́, wọ́n fi áísìn eléèérún lẹ ègé tó bọ́ padà sí àyè rẹ̀, wọ́n wá fi ìyókù bo gbogbo ara rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kò lẹ́wà. Èérún kún inú rẹ̀, ibì kan funfun, ibì kan pọ́n. Ìyá Arẹ́lé wò ó, ó mi orí.

"Ó dára. Jẹ́ kí ó dì."

Wọ́n tún jókòó. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́, omi ń kán láti ìdí àmù.

"Tọ́sìdé lẹ dé," ni Ìyá Arẹ́lé wí lójijì.

"Mà?"

"Oyèníran kọ̀wé pé Sátidé lẹ máa dé. Lọ́rì gbé yín dé ní Tọ́sìdé. Mo ti rẹ́ yàrá yẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹlẹ́bọ́tọ ni mo fi rẹ́ ẹ. Ewé tí mo fẹ́ fi rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì ṣì wà nínú odó. Omi ewé yẹn ló ń pa òórùn. Òun ló ń jẹ́ kó dán. Kí n tó ráyè padà síbẹ̀, ọkọ rẹ ti da sìmẹ́ǹtì sí i." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rẹ́ ilé, Ìbídùnní. Ẹnikẹ́ni ò ká mi mọ́ ìdí rírẹ́ àkọ́kọ́ rí. Ìwọ lo ká mi mọ́ ọn. Ìyàwó ọmọ mi."

Ìbídùnní kò lè gbé ojú sókè. "Mo rò pé ẹ ò fẹ́ràn mi ni, mà."

"Ojú ló tì mí."

Ìbídùnní kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù náà. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Mo fi gèlè bo imú níwájú yín. Ẹ má bínú."

"Dìde," ni Ìyá Arẹ́lé wí. "Ó ń rùn. Èmi gan-an máa ń yí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí mo bá ń pò ó."

Ìbídùnní kọ́kọ́ rò pé kò yẹ kí òun rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó rí i tí èjìká ìyá náà ń mì, òun náà kò lè mú un mọ́ra. Oyèníran wà ní gbàgede, ó gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì láti yàrá àmù. Ó ní òun kò lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀, kí òun má baà dí i lọ́wọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, tí afẹ́fẹ́ tutù, tí bọ́tà sì ti dì, wọ́n jọ dìde. Rírẹ́ àkọ́kọ́ ti gbẹ mọ́ kéèkì lára, èérún ti dì mọ́ inú rẹ̀, ọ̀bẹ kò lè gbé ọ̀kan mọ́. Ìyá Arẹ́lé da ìkòkò kékeré kan dojú délẹ̀, ó gbé tíréè lé ìdí rẹ̀. Ìbídùnní gbé abọ́ áísìn tí ó mọ́. Ó bu púpọ̀ lé e lórí, ó tẹ́ ẹ yí ká. Ó wá ti ọ̀bẹ bọ omi gbígbóná, ó fi aṣọ nù ún gbẹ, ó fi ojú rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kéèkì.

"Má gbé ọwọ́ káàkiri," ni Ìyá Arẹ́lé wí. "Mú ọ̀bẹ dúró sójú kan. Èmi á máa yí i."

Ó ń yí tíréè jẹ́ẹ́jẹ́, Ìbídùnní ń di ọ̀bẹ mú. Ojú áísìn ń tẹ́jú lọ bí omi adágún nígbà tí atẹ́gùn bá dáwọ́ dúró. Wọ́n ṣe ti ńlá tán, wọ́n ṣe ti kékeré, wọ́n gbé e lé e lórí. Ìbídùnní rí ibì kan tí kò tíì gún lójú rẹ̀, ó tún na ọ̀bẹ.

"Ó tó," ni Ìyá Arẹ́lé wí.

"Ó ku ibì kan níbí, mà."

"Ìwọ nìkan lo rí ibẹ̀ yẹn. Bí o bá tún fọwọ́ kàn án, gbogbo ayé á rí i."

Ìbídùnní gbé ọ̀bẹ kalẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n gbé kéèkì náà jáde sábẹ́ igi máńgòrò ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ṣí aṣọ funfun lórí rẹ̀. Ariwo àwọn èèyàn rọlẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù gbé ọ̀bẹ fún Baba Kátíkíìsì pé òun ni kí ó gé e. Baba dìde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ kéèkì, ó na ìka kan, kò jẹ́ kí ó kàn án. Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Òjìji ìka náà wà lára funfun náà, ó dúró kedere.

"Òun nìyí," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́.

Ó gé e, ó jókòó, ó jẹ ègé tirẹ̀ tán láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó fi ìka ṣa èérún orí àwo, ó jẹ ìyẹn náà. Ìgbà náà ni ó tó bèèrè bóyá ìyàwó rẹ̀ ti jẹ.

Ìyá Ẹgbẹ́ sún mọ́ Ìbídùnní. "Ìyàwó wa, kéèkì tàná ńkọ́?"

"Òun náà nìyí, mà."

"Kì í ṣe òun."

"Òun ni, mà. Ẹ bi màmá mi."

Ìyá Ẹgbẹ́ yíjú sí Ìyá Arẹ́lé, gbogbo àwọn tó wà nítòsí sì yíjú pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá Arẹ́lé jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán, ó gbé e mì.

"Ohun tí ẹ rí lánàá, rírẹ́ àkọ́kọ́ ni," ó ní. "Rírẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti àlejò."

Àwọn obìnrin mẹ́wàá tó wá wòran ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà kiri. Kí oṣù tó parí, ó ti dé ìsọ̀ aránṣọ, ó ti dé ilé-ìwé. Ìyá Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ fi gba ọkọ ọmọ rẹ̀ níyànjú nígbà tí ìyàwó se ọbẹ̀ oníyọ̀. Ìdó-Ọ̀dàn ti yí padà púpọ̀ láti ìgbà náà. Ilé amọ̀ kò sí mọ́, bíríkìlà ló ń rẹ́ gbogbo rẹ̀, àwọn tó ń ṣe kéèkì níbẹ̀ báyìí sì ní ẹ̀rọ tó ń yí tíréè fúnra rẹ̀. Òwe náà ṣì wà lẹ́nu wọn.

Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ń pa. Ìyá Àgbà sọ fún mi pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdúpẹ́ náà, bí òun àti ìyá ọkọ òun ti ń fọ àwo ní ẹ̀yìnkùlé, òun bi í léèrè pé bí rírẹ́ àkọ́kọ́ kì í bá ṣe ti àlejò, ta ló wá ni ín.

Ìyá Arẹ́lé fi omi ṣan àwo ọwọ́ rẹ̀, ó nà án sí i kí ó gbà á nù.

"Ará ilé," ó ní. "Ìwọ lo ni ín."